Àwọn onímọ̀ ìṣirò, ẹ bá wa yẹ ìdí kóńgò wò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà wà. Nígbà tí wọ́n máa gbé ti oṣù Kìíní ọdún 2025 síta, ó ti di ìdá 24.48. Ti oúnjẹ nìkan já láti 39.84 sí 26.08. Láàárín oṣù kan péré o!

Ẹni tó ń ra gáárì lọ́jà Odò-Orí nílùú Ìwó, tó gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ọjà wo ni wọ́n ń sọ ná? Ṣé ìjọba ń purọ́ fún wa ni, àbí àwa la ò mọ ìṣirò?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò le. Ohun tó le ni kí aráàlú rí ẹni tí kì í ṣe ìjọba, tí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ alátakò, tó máa dá a lóhùn lédè tó yé e.

Kóńgò ti yàtọ̀

Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó yẹn. Àkọ́kọ́, bí ìdá ọ̀wọ́ngógó bá wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé owó ọjà wálẹ̀. Owó ọjà ṣì ń gòkè, eré tó fi ń gòkè ló dínkù. Ó dà bíi mọ́tò tó ń sá ọgọ́rùn-ún, tí dírẹ́bà wá dín in kù sí ọgọ́rin. Iwájú náà ló ṣì ń lọ, kò fi rìfáàsì.

Èkejì ni pé NBS pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, owó ọjà ọdún 2009 ni wọ́n ń fi ti ìsinsìnyí wé. Wọ́n wá gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e sí ọdún 2024. Wọ́n tún ṣe àtúntò àwọn ọjà tí wọ́n ń wo iye wọn, nítorí ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí ní 2009 kọ́ ló ń náwó lé lórí báyìí. Ta ló ń ra dátà lójoojúmọ́ nígbà yẹn?

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Bí ìyá kan bá ti ń fi kóńgò kan wọn gáárì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó wá ra kóńgò tuntun lọ́sẹ̀ yìí, kò tọ́ kéèyàn mú iye kóńgò àná, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kóńgò òní, kó wá ní ọjà ti wálẹ̀. Kóńgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìyá náà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan dìde láàárín ọjà, kó ké sí àwọn oníbàárà pé, "Ẹ gbọ́ o, kóńgò ti yàtọ̀, ẹ má fi méjèèjì wéra."

NBS fúnra wọn sọ pé àwọn ti pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Àmọ́ ẹni tó ni kóńgò kọ́ ló yẹ kó máa ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ìyẹn ni oníbàárà ṣe máa ń fẹ́ kí ẹlòmíì tó mọ ọjà bá òun yẹ ìdí kóńgò wò kó tó sanwó. Ní ti ìṣirò ìlú, àwọn tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn tí òyìnbó ń pè ní statisticians. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí ó kan àpò ará Ìwó ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Wákàtí kan lọ́sẹ̀, o ti níṣẹ́ lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ni kò níṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n gbé iye tuntun jáde: ìdá 5.3 fún ìparí ọdún 2022, ìdá 4.1 fún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023.

Ṣé iṣẹ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì ààbọ̀ ni? Rárá o. Òṣùwọ̀n ló tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, wọ́n máa ń kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́. Báyìí, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ti wà lára àwọn tó níṣẹ́. Ọmọkùnrin tó yá ọ̀kadà ẹni ẹlẹ́ni fún wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, kó lè rówó ra káàdì, ti wọlé. Ọmọbìnrin tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti ìsọ̀ níjọ́ kan, tí wọ́n sì fún un lówó, òun náà ti wọlé.

Irọ́ kọ́ nìyẹn náà. Òṣùwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, fi lélẹ̀ ni, káyé lè fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ní ìlú tí ìjọba kì í ti í fún ẹni tí kò níṣẹ́ lówó oúnjẹ, ta ló máa ká ọwọ́ gbera láìṣe nǹkan kan rárá? Ebi ò ní jẹ́. Nítorí náà, iye àwọn tí kò ṣe nǹkan kan gbọ́dọ̀ kéré. Inú ìwádìí kan náà ni NBS ti sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó lé ní méjìléláàádọ́rùn-ún tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò ní ààbò kankan ni wọ́n ń ṣe. Iye yìí ló sún mọ́ ohun tí ojú ń rí.

Olóṣèlú tó wà nípò á gbé 4.1 sókè. Alátakò á gbé 33.3 sókè. Àwọn méjèèjì lè mú ìwé NBS dání. Ẹni tó máa sọ fáráàlú pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iye méjèèjì ń wọ̀n, ẹni náà la ń wá.

Ìwó àti ìkànìyàn tí kò wáyé

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ará Ìwó gbọ̀ngbọ̀n ni ti ìkànìyàn. Ọdún 2006 la ti ka èèyàn gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Iye tí wọ́n gbé jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni 140,431,790. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó lé ní 191,000. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń kànìyàn yẹn ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Wọ́n ní wọn máa tún wa kà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, sún un síwájú.

Nítorí náà, iye tí wọ́n bá pe ará Ìwó báyìí, àfojúdá ni. Wọ́n á mú iye ọdún 2006, wọ́n á máa fi ìdá díẹ̀ lé e lọ́dọọdún. Lọ́dún yẹn, Bowen University ò tíì pé ọdún márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Federal College of Education tó wà nílùú lónìí kò tíì sí. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti àwọn tó ń ta nǹkan fún wọn ń yá ilé, wọ́n ń mu omi ìlú, wọ́n ń lọ sílé ìwòsàn. Ibo ni wọ́n wà nínú ìwé ọdún 2006?

Owó wà níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló dá lórí iye èèyàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí iye èèyàn tí wọ́n fi pín in kò bá tọ̀nà, owó tí kò tọ̀nà náà ló máa wá tààrà. Kì í ṣe owó nìkan: iye abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, iye nọ́ọ̀sì, iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, orí iye èèyàn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Àwa Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tiwa nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà ìjọba òyìnbó amúnisìn, ẹni tó bá wá ka èèyàn, owó orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yà wá lẹ́nu bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ọmọ pamọ́. Síbẹ̀, ìkànìyàn ọdún 1952 fi Ìwó sára àwọn ìlú tó lé ní 100,000 nílẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ló wá hàn pé iye èèyàn ló ń mú owó àti ìjókòó ilé aṣòfin wá. Ọ̀rọ̀ bá yí padà: dípò ká fi ẹni tó wà pamọ́, káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ka ẹni tí kò sí mọ́ ọn.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ láti ìgbà náà. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn ọdún 1962, wọ́n tún un ṣe ní 1963, ìjà ò tán níbẹ̀. Wọ́n ṣe ti ọdún 1973, ìjọba Murtala Muhammed da èsì rẹ̀ nù ní 1975. Nígbà tó di 2006, àjọ NPC tó ń kànìyàn ní èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba Èkó náà ka tirẹ̀, ó ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ ni. Lọ́dún 2013, alága NPC fúnra rẹ̀, Festus Odimegwu, sọ ní gbangba pé àwọn ìkànìyàn tí a ti ń ṣe bọ̀ kò ṣeé gbára lé. Ariwo sọ, ó sì fi ipò sílẹ̀ lọ́dún náà.

Nínú gbogbo ìjà yìí, ta lẹ gbọ́ ohùn wọn? Gómìnà, sẹ́nétọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọ̀nà wà láti yẹ ìkànìyàn wò láìjà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kà tán, ó yẹ kí wọ́n padà sí àwọn àdúgbò díẹ̀ káàkiri, tí wọ́n fi tẹ́tẹ́ mú kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ibi tó máa bọ́ sí, kí wọ́n tún ibẹ̀ kà, kí wọ́n sì gbé èsì méjèèjì síta ká jọ wò ó. Ẹni tó lè dúró lé ìjọba lórí pé kó ṣe èyí, tó sì lè ka èsì rẹ̀ kó yé e, ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò.

Ohun tí irú ẹgbẹ́ yìí ti ṣe lókè òkun

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 1834 ni wọ́n dá ti ìlú London sílẹ̀, òun ló di Royal Statistical Society. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ nílùú Boston ní 1839. Ti gbogbo àgbáyé, ISI, bẹ̀rẹ̀ ní 1885. Florence Nightingale tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ orúkọ rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ London, lọ́dún 1858. Ìṣirò ló fi hàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àìsàn ló ń pa àwọn sójà wọn lójú ogun Crimea ju ọgbẹ́ ogun lọ.

Àpẹẹrẹ méjì péré la fẹ́ mú. Lọ́dún 1999, ilé ẹjọ́ kan ní England rán agbẹjọ́rò obìnrin kan, Sally Clark, lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ méjì ló kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní òun ló pa wọ́n. Dókítà ọmọdé kan tó lórúkọ, Roy Meadow, ti sọ fún ilé ẹjọ́ pé kí ọmọ méjì kú fúnra wọn bẹ́ẹ̀ nínú irú ẹbí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló lè ṣẹlẹ̀ nínú mílíọ̀nù 73. Bó ṣe rí iye yẹn ni pé ti ọmọ kan jẹ́ ẹyọ kan nínú 8,543, ó sì fi 8,543 lọ́po ara rẹ̀.

Ibo ni ìṣirò yẹn ti wọ́? Ká ní iná kì í sí nílé yín lọ́jọ́ kan nínú mẹ́wàá. Nílé aládùúgbò yín náà, ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá. Tí ẹ bá fi mẹ́wàá lọ́po mẹ́wàá, ẹ máa ní ọjọ́ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé méjèèjì máa ṣókùnkùn pọ̀. Irọ́ ni! Transformer kan náà lẹ jọ ń lò. Bí tiyín bá ti lọ, tiwọn náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ lọmọ ìyá méjì ṣe rí: ẹ̀jẹ̀ kan, ilé kan. Ohun tó pa àkọ́kọ́ lè wà lára èkejì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, ẹgbẹ́ London gbé ọ̀rọ̀ jáde ní gbangba pé ìṣirò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rí ìṣègùn tí wọn ò gbé síwájú ilé ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún obìnrin náà ní 2003, àmọ́ àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi kún un pé ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn nìkan náà ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹgbẹ́ náà kò mọ obìnrin yìí rí. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Gíríìsì. Andreas Georgiou di olórí àjọ ìṣirò ibẹ̀ ní 2010. Ó ṣírò owó ìjọba, ó sì rí i pé owó tí ìjọba ná lọ́dún 2009 fi ju èyí tó wọlé lọ lọ́nà tó burú ju ohun tí wọ́n ti ń sọ fáyé lọ. Àjọ ìṣirò ilẹ̀ Yúróòpù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó tọ̀nà. Dípò kí wọ́n kí i kú iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nílé ẹjọ́. Àwọn tó dúró tì í ni ISI, ẹgbẹ́ ti London àti ti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ́ ẹ sí.

Ẹ rí i pé apá méjì ni iṣẹ́ náà ní. Bí ìṣirò bá wọ́, ẹgbẹ́ á sọ pé ó wọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà gbé e jáde. Bí ìṣirò bá tọ́, tí wọ́n sì fẹ́ fìyà jẹ ẹni tó ṣe é, ẹgbẹ́ á dúró tì í.

Tiwa ńkọ́?

A ò lè ní a ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Nwoye Adichie, bàbá Chimamanda tó ń kọ̀wé, ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò yìí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nímọ̀ náà, Federal School of Statistics náà wà nílùú Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ìwó. Ẹgbẹ́ sì wà: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá Nigerian Statistical Association sílẹ̀, Professional Statisticians Society of Nigeria dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìpàdé àpérò, wọ́n ń tẹ ìwé ìwádìí jáde, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ inú ilé ni. Bí agbẹjọ́rò bá jẹ owó oníbàárà, aráàlú mọ̀ pé òun lè fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Òfin ti gbé ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó, ICAN, kalẹ̀ láti ọdún 1965. Bí olóṣèlú bá dúró sórí pèpéle, tó ní òun ti pèsè iṣẹ́ fún ìdajì àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀ṣun, ta lẹ máa pè láti yẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wò?

NBS fúnra wọn nílò irú alábàárò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde pé owó tí ará Nàìjíríà san fáwọn ajínigbé láàárín ọdún kan tó 2.23 tírílíọ̀nù náírà. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn kan lára, wọ́n ní kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn tí a ò mọ̀ gba ìkànnì NBS mọ́ wọn lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn òde ìjọba, kó sọ bí wọ́n ṣe ṣèwádìí náà, ibi tó lágbára, ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn kan máa sọ pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò yìí, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ní NBS, ní báńkì àpapọ̀, ní yunifásítì ìjọba. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ọba, ṣé ó lè bá ọba wí? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Àmọ́ ìdí rẹ̀ gan-an ló fi yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ́ ló máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Ìjọba lè gbé òṣìṣẹ́ kan kúrò ní Òṣogbo lọ sí ibi tó jìnnà. Kò lè gbé ẹgbẹ́ tó ní ọmọ káàkiri ìpínlẹ̀ lọ síbì kankan.

Àwọn mìíràn á ní kí la fẹ́ fi ìṣirò ìjọba ṣe, ṣebí irọ́ ni gbogbo rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló léwu jù. Bí a bá ti gbà pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kálukú á máa ṣe ìṣirò tirẹ̀ lórí WhatsApp. Nígbà tí òṣìṣẹ́ NBS bá kanlẹ̀kùn láti béèrè ohun tí à ń jẹ àti iye tó ń wọlé, a ò ní dá a lóhùn, tàbí ká sọ ohun tó bá wù wá. Ìṣirò tó wá ti inú ẹ̀ jáde á tún wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlú tó bá fi ara pamọ́ fún ìwádìí ló sì ń pàdánù, nítorí ẹni tí wọn ò rí nínú ìwé, wọn ò ní rántí rẹ̀ nígbà ìpín.

Ohun tó ṣeé ṣe láti Ìwó

Kò dìgbà tí Àbújá bá kọ́kọ́ pàṣẹ. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì lè pinnu pé nígbàkígbà tí NBS bá gbé iye ọ̀wọ́ngógó jáde lóṣooṣù, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á yan ẹnì kan tó máa ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò, lédè àwọn tó ń gbọ́. Ní Ọ̀ṣun, Yorùbá nìyẹn. Ojú ewé kan ṣoṣo tó lè yé ìyálọ́jà wúlò ju ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ní kà lọ. Àwọn olùkọ́ ìṣirò tó wà láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa lè máa kọ́ oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún ni ọjọ́ ìṣirò nílẹ̀ Áfíríkà. Gbọ̀ngàn ìlú ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe inú òtẹ́ẹ̀lì nìkan.

Àsìkò ìdìbò ni iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ jù. Ṣáájú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ìwádìí tí NOIPolls ṣe fún Anap Foundation fi Peter Obi ṣíwájú. Nígbà tí INEC ka ìbò, Bola Ahmed Tinubu ní 8,794,726, Atiku Abubakar ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Àwọn kan ní wọ́n tan àwọn jẹ. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n pè lórí fóònù níbi ìwádìí yẹn ni kò sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò kì í jẹ ìkòkò tán. Ṣíbí kan tó, bó bá ti ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa. Bí ìdajì ìkòkò bá ṣì wà ní bíbò, kò yẹ kó tíì sọ bí iyọ̀ ṣe rí.

Kí ẹgbẹ́ tó dé, àwa olùgbọ́ àti òǹkàwé náà lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iye kan síwájú yín, yálà ìjọba ni o, alátakò ni o, tàbí oníròyìn, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀:

– Ta ló kà á, ta ló sì fowó sí i?
– Èèyàn mélòó ni wọ́n bi, báwo ni wọ́n ṣe mú wọn?
– Kí ni wọ́n pè ní "iṣẹ́", "ọ̀wọ́ngógó" tàbí "òtòṣì" nínú ìṣirò náà?
– Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn ti àná àti ti òní?

Ẹni tí iye rẹ̀ bá dájú ò ní bínú sáwọn ìbéèrè yìí. Àwọn àgbà ní ẹni à ń bá nájà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò tó wà ní Ìwó, ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìdí kóńgò. A fẹ́ gbọ́ ohùn yín kí wọ́n tó ka Ìwó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí bí wọ́n bá ti kà á tán, iye náà la ó máa fi pín owó, ilé ìwé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọdún gbọọrọ.